Ẹ Bi Wá Nípa Kọ̀ǹpútà: "Dáìsì tí mo kọ, àbúrò mi ti mọ ohun tó máa já"

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, àfi bíi pé ẹ jọ ṣèpàdé, mẹ́rin ló dá lórí nǹkan kan ṣoṣo, ìyẹn bí a ṣe ń fi shift register (ìlà bíìtì, 0 àti 1 tó tò tẹ̀lé ara wọn tó ń sún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) mú kí kọ̀ǹpútà máa ta nọ́ńbà bí ẹni ń ta dáìsì. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ti lúdò ló máa gùn jù torí òun ló dùn mọ́ mi jù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ṣe gééìmù lúdò fún ilé wa, béèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, dáìsì méjì á já. Mi ò fẹ́ lo random tó bá a wá, mo fẹ́ kọ tèmi, mo wá lo shift register bíìtì 8, mask 0xB8 (ìyẹn 184, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí àwọn bíìtì tó máa yí padà). Mo máa yí i lẹ́ẹ̀kan, màá fi 6 pín nọ́ńbà inú ẹ̀, màá fi 1 kún ohun tó bá ṣẹ́kù, dáìsì kìíní nìyẹn, màá tún yí i, dáìsì kejì. Lójú tèmi ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ àbúrò mi tó wà ní JSS2 ń lù wá bí ẹni ń lu bàtá, ìgbà tí mo ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún un ló tó jẹ́wọ́: ó ní 5-5 ò já rí, 3-3 náà ò já rí, àti pé bí dáìsì tó já gbẹ̀yìn bá ti jẹ́ 5, òun ti mọ̀ pé 3 tàbí 6 ló kàn, kí òun tó sún ọmọ ayò òun. Mo ta á títí ilẹ̀ fi ṣú, òótọ́ ló sọ. Kí ló ṣe é? — Onílúdò, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ọmọ yẹn máa tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹ má lù ú o. Shift register ò jẹ̀bi, bó o ṣe ń ka nọ́ńbà lára ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Mo kọ kóòdù ẹ sórí bọ́ọ̀dù tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ látorí 1, mo ní kó máa gbé nọ́ńbà síta kí n tó fi 6 pín in. Ohun tó jáde rèé:

184, 92, 46, 23, 179, 225, 200, 100, 50, 25, 180, 90, 45

Wò ó dáadáa. Ìdajì 184 ni 92, ìdajì 92 ni 46, ìdajì 46 ni 23. 200, 100, 50, 25, bákan náà. Kéèyàn yí register sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kò ju kó pín nọ́ńbà sí méjì lọ, àfi tí nọ́ńbà yẹn ò bá ṣéé pín sí méjì dọ́gba ni 0xB8 tó máa wọ̀ ọ́ tí gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ó dáa, tí dáìsì bá já 5, a jẹ́ pé 4 ló ṣẹ́kù nígbà tó o fi 6 pín in, nọ́ńbà tó sì ṣẹ́ 4 kù báyẹn, ó ti ṣéé pín sí méjì nìyẹn, ìdajì ẹ̀ ò ní ṣẹ́ nǹkan míì kù ju 2 tàbí 5 lọ, òun ló di 3 tàbí 6 lójú dáìsì. 184 di 92, ìyẹn ni 5 tí 3 tẹ̀lé. 46 di 23, ìyẹn ni 5 tí 6 tẹ̀lé. Ibo ni 5 míì máa gbà wọlé? Lẹ́yìn 3, 2 tàbí 5 nìkan ló lè já. Lẹ́yìn 1, 1 tàbí 4. Ó jọ pé ọmọ yẹn ò tíì sọ ti 1 fún ẹ, ó fi ìyẹn pamọ́ dìgbà míì.

Torí àwọn tó ń kà á tí wọn ò mọ ohun tá à ń sọ, ẹ fojú inú wo bẹ́ńṣì èèyàn mẹ́rin níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹni tó dé fìlà ni 1, ẹni tí ò dé ni 0. Ẹni apá ọ̀tún pátápátá ló máa dìde lọ gẹrun, àwọn tó kù á sún, àyè kan á ṣí lápá òsì. Ta ló máa jókòó síbẹ̀? Kí ẹni yẹn tó dìde, ẹ wo òun àti ẹni tó jókòó tì í. Bí méjèèjì bá dé fìlà, tàbí tí méjèèjì ò dé, ẹni tí ò dé fìlà ló máa wọlé, bí ọ̀kan bá dé tí ìkejì ò dé, onífìlà ló máa wọlé. Ìfiwéra yẹn làwọn oníkóòdù ń pè ní XOR, kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1000, á di 0100, á di 0010, 1001, 1100, 0110, 1011, bẹ́ẹ̀ ni á máa lọ, ìgbà 15 ló máa yí kó tó padà sí 1000, gbogbo bí fìlà ṣe lè tò sórí bẹ́ńṣì yẹn ló sì máa fojú hàn àfi ẹyọ kan, 0000. Ìyẹn ò lè wáyé, torí tí gbogbo wọn bá ti ṣí orí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú fìlà wọlé mọ́ títí ayé.

Ibi téèyàn ń wò ṣe pàtàkì o. Lórí bẹ́ńṣì kan náà, ẹ wo ìjókòó kejì àti ẹ̀kẹrin dípò ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ìgbà 6 péré ló máa yí kó tó padà sílé. Ìdí nìyí tá ò fi ń gbé mask kalẹ̀ láti orí ara wa, tábìlì wà tí wọ́n ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀, Solomon Golomb ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ti tú ìṣirò yẹn palẹ̀ láti ọdún 1950 sí 1970. Tìẹ tó o kọ, ọ̀nà Galois là ń pè é, ẹni tó ń dìde ló máa na ọwọ́ bó bá dé fìlà, á yí ipò fìlà àwọn tí mask tọ́ka sí padà. Bí bẹ́ńṣì bá gùn tó kan náà tí mask sì pé, iye ìgbà tó máa yí kó tó padà ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n XOR ẹyọ kan ló ń ná ẹ, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀.

Ojútùú wá nìyí: má ka odindi register lẹ́yìn tó o bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Mú bíìtì tó já bọ́ lápá ọ̀tún nìkan, mẹ́ta mẹ́ta, bíìtì mẹ́ta máa fún ẹ ní 0 dé 7, tó bá jẹ́ 6 tàbí 7 sọ ọ́ nù kó o tún mú òmíràn. Àwọn kan á ní kí ló dé tí mò ń fi bíìtì ṣòfò. Lúdò ni, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bíìtì 8 sì ti kéré jù, 255 ni gbogbo ìrìn ẹ̀, tó o bá ń mú mẹ́ta mẹ́ta, ìdì 85 ni, gbogbo ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà, lúdò ilé kan ò sì ní tíì parí. Bíìtì 16, mask 0xB400, ní 65535, àmọ́ ìyẹn náà ṣéé pín sí mẹ́ta, inú ìdì 21845 náà lo máa máa rìn, ìdá méjì tó kù o ò ní débẹ̀ láé. Èmi á lo 31, torí iye ìrìn ẹ̀, 2147483647, kò ṣéé fi nọ́ńbà kankan pín àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, Euler ti fìdí ìyẹn múlẹ̀ láti 1772, torí náà ì báà jẹ́ mẹ́ta ì báà jẹ́ mẹ́wàá lò ń mú pọ̀, gbogbo ẹ̀ lo máa rìn dé.

```
uint32_t r;

uint8_t bit_kan() {
  uint8_t b = r & 1;
  r >>= 1;
  if (b) r ^= 0x48000000UL;
  return b;
}

uint8_t ta_daisi() {
  uint8_t n;
  do {
    n = bit_kan();
    n = (n << 1) | bit_kan();
    n = (n << 1) | bit_kan();
  } while (n > 5);
  return n + 1;
}
```

Wo uint32_t yẹn, má fi int rọ́pò ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún lórí ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, register bíìtì 16 ni mo kọ, mo fi int lásán, mi ò mọ̀ pé lórí Uno bíìtì 16 ni int àti pé bíìtì òkè pátápátá ló ń sọ bóyá nọ́ńbà wà lábẹ́ òdo. Ìgbàkigbà tí bíìtì yẹn bá jẹ́ 1 tí mo yí i sọ́tùn-ún, dípò kí 0 wọlé lókè, 1 míì ló ń wọlé. Kóòdù ò bú, kò kígbe, ó kàn ń tẹ nọ́ńbà játijàti jáde ni.

Ti síìdì ló kù, kì í ṣe síìdì lúdò o, nọ́ńbà tí r máa fi bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ. Tó o bá kọ ọ́ sínú kóòdù, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan án, eré àná náà lẹ máa ta. Àwọn kan máa ń ka pin tí wọn ò so mọ́ nǹkan kan, analogRead sì lè fún ẹ ní 0 lọ́jọ́ kan, o ti mọ ohun tí 0 máa ń ṣe, dáìsì á máa já 1 títí wọ́n á fi mú iná lọ. Dúró de ẹni tó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì, kó o mú micros(), ìyẹn aago inú Uno, ìgbà yẹn, fi & 0x7FFFFFFF gé e kó ku bíìtì 31, tó bá jẹ́ 0 sọ ọ́ di 1, kó o wá yí register nígbà 1000 kó o tó ta dáìsì kankan, torí síìdì kékeré máa ń pọ 0 jáde níbẹ̀rẹ̀.

Mo ní hostel, mo sì ń ta Wi-Fi fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tẹ̀ fún wọn. Ọmọ tó ń bá mi ṣe é fi shift register bíìtì 32 ta nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wọlé tí wọn ò rà lọ́wọ́ mi. — Bàbá Landlord, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ pàṣẹ kí ọmọ yẹn pa kóòdù náà tì lónìí. Ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin lóòótọ́, àmọ́ gbogbo register ló ń tẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ra ẹyọ kan ṣoṣo tó sì mọ mask, tó wà nínú tábìlì tí gbogbo ayé ń wò, á ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì tó kàn, á ṣírò ẹgbẹ̀rún kan tó tẹ̀lé e, lórí fóònù. Ká tiẹ̀ ní kò mọ mask, bíìtì 64 tó tẹ̀lé ara wọn ti tó fún un, ọ̀nà Berlekamp àti Massey wà fún ìyẹn láti 1969, ìlọ́po méjì gígùn register ló ń fẹ́, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. GSM àtijọ́ pàápàá to register mẹ́ta pọ̀ láti fi bo ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́lẹ̀, bíìtì 19, 22 àti 23, wọ́n pè é ní A5/1, wọ́n sì já a.

Kí ọmọ yẹn lo secrets.token_hex(4) nínú Python, lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 ni á máa fún yín. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí router ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀márùn-ún tí kò wọlé.

Physics ni mò ń kà ní Ifẹ̀, Master's. Mo rí kóòdù Fortran àtijọ́ kan tó ń lo R250, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ta nọ́ńbà, fún Ising model (àpẹẹrẹ ìṣirò tí à ń fi wo bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe). Ṣé mo lè lò ó? Ó yára gan-an. — Akẹ́kọ̀ọ́

Ó yára lóòótọ́, ìbátan bẹ́ńṣì wa ni, odindi nọ́ńbà ló jókòó sórí àyè kọ̀ọ̀kan dípò bíìtì, tuntun ni XOR èyí tó ti kọjá sẹ́yìn 250 àti èyí tó ti kọjá sẹ́yìn 103. Kirkpatrick àti Stoll ló gbé e jáde ní 1981. Ní 1992, Ferrenberg, Landau àti Wong wá fi í ṣe Ising orí ojú pẹrẹsẹ (2D) pẹ̀lú algorithm Wolff, ọ̀nà kan tó ń yí odindi àgbájọ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn ìyẹn sì ti wà nílẹ̀ látọwọ́ Onsager láti 1944, kò sí pé bóyá. Èyí tó jáde yàtọ̀ sí ti Onsager ju àṣìṣe tó yẹ lọ dáadáa. Torí nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta ló so mọ́ra wọn, Wolff sì ń tẹ̀ síbi tó so yẹn gan-an.

Lo PCG64 tó wà nínú NumPy (àkójọ kóòdù ìṣirò fún Python) tàbí Mersenne Twister, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń ta nọ́ńbà. Tó o bá fẹ́ R250 dandan, ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú oríṣi méjì tí ò bára tan, kó o wò ó bóyá wọ́n bára mu, kó o tó gbé e lọ bá supervisor.

Babaláwo ni bàbá mi àgbà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú 8, èyí tó bá ṣí àti èyí tó bá dojú délẹ̀, odù 256. Register bíìtì 8 náà 256. Ṣé nǹkan kan náà ni? — Ọmọ Awo, Ọ̀yọ́

256 bára mu, torí ohun méjì tó lè já níbi mẹ́jọ ni. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ò rántí ohun tó já lẹ́ẹ̀kan, Ìrosùn Méjì lè já, kí bàbá tún dà á kó tún já. Register ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àyè tó bá wà lónìí, ó dìgbà tó bá yí 254 tó kù tán kó tó tún débẹ̀. Mo sọ 254 torí 0 ò sí nínú ìrìn ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní èyí tó dojú délẹ̀ ni 0, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ò ní já láé. Bẹ́ ẹ bá ní èyí tó ṣí ni 0, Èjì Ogbè ni ò ní já, ẹ lọ bi bàbá àgbà wò bóyá wọ́n á gba ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí ò ní Èjì Ogbè nínú.