Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun, ṣé òun ló ni ìbò wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Qatar, tówó ẹ̀ bá ti wọlé báyìí, fóònù á dún, á ní ẹni báyìí ni kí gbogbo ilé dìbò fún. Ṣé bó ṣe ń rí níbi gbogbo nìyẹn? Ìyá Ìbejì, Múṣin.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ilé yín nìkan o. Ẹni tó ń sanwó iléèwé ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń wúwo, àwọn olóṣèlú náà sì mọ̀. Ẹ wo Philippines, àtayé Ferdinand Marcos tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà yẹn, ní 1974, nìjọba ti gbé e sófin pé kí wọ́n máa kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun, ìgbà tó wá di 1995 tí Singapore yẹgi fún Flor Contemplacion, ọmọ Philippines tó lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀, ṣe ni Philippines gbaná, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣòfin tó ń dáàbò bo àwọn èèyàn wọn, nígbà tó di 2003 wọ́n ní kí wọ́n máa dìbò láti ibi tí wọ́n wà. Tiwa ńkọ́? Ẹni tó wà lókè òkun ò lè dìbò láti ọ̀hún, fóònù yẹn nìkan ló kù fún ẹ̀gbọ́n yín, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ gbọ́ tiẹ̀, ẹ bi í pé kí ló rí lára ẹni yẹn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ka.