Ta Ló Ń Yá Ta Lówó Kájú?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, ìyá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mò ń ṣèwádìí lórí àwọn obìnrin tó ń ra kájú ní Kàbbà, ta ló ń yá ta lówó láàárín wọn. Mo pín ìwé ìbéèrè pé kí kálukú dárúkọ ẹni márùn-ún tí wọ́n jọ ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Ọkọ, ìyá àti pásítọ̀ ni wọ́n ń kọ ṣáá. Olùkọ́ mi ní kí n fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kún un. Ṣé kí n da ìwé yẹn nù ni?
Ọmọ Owé, Kàbbà

Ìdáhùn: Ọ̀kun, ọmọ mi. Má da nǹkan kan nù. Ohun tí o bi wọ́n yẹn náà ni General Social Survey, ìwádìí ńlá kan nípa ìgbé ayé àwùjọ, bi àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́dún 1985. Ó bá tiwọn mu, torí alábàárò ni wọ́n ń wá. Ìwọ, owó lò ń wá, ta ló sì ń yá owó kájú lọ́wọ́ pásítọ̀? Padà lọ bi wọ́n pé: "Nígbà tí kájú dé tí owó ọwọ́ yín ò ká a, ọ̀dọ̀ ta lẹ lọ?" Kí o tún bi wọ́n pé: "Ta ló wá bá ẹ̀yin náà?" Nígbà náà lo máa lè fi ẹnu ẹni tó gbowó wé ẹnu ẹni tó fún un.

Ṣọ́ orúkọ o! Obìnrin kan náà ni Ìyá Bọ́sẹ̀ nílé, Màdáámù lọ́jà, Sísítà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí o ò bá béèrè agbo ilé àti ibi tó ń pàtẹ sí, èèyàn mẹ́ta ló máa dà nínú ìwé rẹ.

Fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, díẹ̀ ti tó: ẹni tí gbogbo wọn ń dárúkọ, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ, àti àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu. Bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa kájú, kì í ṣe níwájú ọkọ. Ya òbìrí mẹ́ta yípo ara wọn sórí páálí, bí Kahn àti Antonucci, àwọn olùṣèwádìí méjì, ṣe ṣe é lọ́dún 1980, kí obìnrin náà wà láàárín. Kó kóró kájú lé e lọ́wọ́, kóró kan fún èèyàn kan, kó gbé e síbi tó bá sún mọ́ ọn tó. Tó bá gbé kóró kan síta tó tún fà á wọlé, dákẹ́ díẹ̀, kí o wá bi í pé kí ló dé. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ nípa ẹni tó ń yá a lówó, tí obìnrin náà ò fẹ́ kí àwọn àna òun mọ̀.

Nọ́ńbà ni kí o kọ síwájú ọ̀rọ̀ kálukú. Jẹ́ kí orúkọ wà nínú ìwé ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọ́n dárúkọ ò tíì gbà láti bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí náà má gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ èkejì, àní bí olùkọ́ rẹ bá ní kó o lọ wádìí rẹ̀ wò.