Èsì: Kí la lè ṣe fún aládùúgbò lẹ́yìn omíyalé?

Ẹ ní kí ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè ṣe. Ó pọ̀ o! Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe, ní Jàpáánì, lọ́dún 1995, àwọn aládùúgbò ló fa èyí tó pọ̀ jù yọ lára àwọn tó há sábẹ́ àwókù ilé.

Ní ti omíyalé, ẹ bá wọn ya fọ́tò ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó kó o síta. Ẹ má tan iná kí oníṣẹ́ iná tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tìmùtìmù tó ti rin gbingbin, ẹ gbé e jù nù. Kì í ju ọjọ́ kan sí méjì kó tó bu. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, ìṣó máa ń wà nínú ẹrẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, torí ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ wọn láti bẹ̀bẹ̀.