Ìdáhùn sí Lẹ́tà: Oúnjẹ Wà, Ṣùgbọ́n A Kì Í Jẹ Ẹ́ Pọ̀

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ ọjà. Ẹ kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin pé aago 7 alẹ́ lẹ ń ti ọjà Ouando dé, pé bàbá àwọn ọmọ kì í ti Kútọnù wọlé kí aago 9 tó lù, àti pé olúkúlùkù ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa gbé àwo tirẹ̀ lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, tó fi jẹ́ pé àkọ́bí, ọmọ ọdún 13, kò bá yín sọ ju "ẹ káàbọ̀" lọ mọ́. Ẹ fẹ́ kí ẹ máa jẹun alẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn ní ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ kì í sọ̀rọ̀ nídìí àwo.

Bàbá wọn kò purọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn: àwa mẹ́rin nídìí àwo àkàsà kan, a ò gbọdọ̀ fọhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ tán, ìyá wa kì í jẹ́ kí a dìde. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìtàn àwọn baba wa, ibẹ̀ náà ni àlọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn la rántí, a gbàgbé ìjókòó tó ń tẹ̀ lé e.

Ìjókòó yẹn gan-an lọmọ ń jẹ èrè rẹ̀. Catherine Snow, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè ní Yunifásítì Harvard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé Amẹ́ríkà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, wọ́n sì rí i pé ọmọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àgbà níbẹ̀ ni èdè máa ń yọ̀ mọ́ lẹ́nu bó bá dàgbà. Ní tiwa, ilé ìwé ń fún wọn ní Faransé, ìgboro ń fún wọn ní Gùn. Níbo ni wọn yóò ti gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ bí kì í bá ṣe lọ́dọ̀ yín?

Ẹ má fi ebi dè wọ́n di aago 9, ẹ má sì sọ pé ojoojúmọ́ ni. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó, kí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ Àìkú tí bàbá wọn wà nílé. Kí gbogbo fóònù kúrò nílẹ̀, títí kan tiyín tí àwọn oníbàárà ń pè. Ẹ bẹ bàbá wọn kó má bi wọ́n ní máàkì ilé ìwé níbẹ̀, nítorí oúnjẹ tó dìjà, ó sàn kí a jẹ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ti oníbàárà tó ná ọjà yín títí tí kò rà á. Àkọ́bí yín lè má dáhùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ó máa bá yín pín ẹja.