Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀kọ́ Oníṣègùn Ẹranko Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti ọwọ́ àwọn oníṣègùn ẹranko pọ̀. A mú mẹ́rin nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń tọ́jú ajá àti ológbò. Ọdọọdún ni mò ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí kún fáìlì mi, àmọ́ tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, n kì í rí ohun tí mo lè nàka sí pé ọ̀nà ọ̀tun ni mo fi ń ṣe é. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ibi tí ẹ ti ń yan ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tó bá ka ìwé ìpolówó àpérò kó tó mọ ohun tó kù fún un láti kọ́, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń yàn. Àkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tí ẹ tọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ ka ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ fàmì sí èyí tí ẹ ní kí wọ́n gbé lọ bá ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n gbé padà wá láàárín ọjọ́ méje nítorí àìsàn kan náà, àti èyí tó kú láìròtẹ́lẹ̀. Irú ìṣòro tó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀ ni kí ẹ wá ẹ̀kọ́ lé lórí lọ́dún yìí. Àjọ RCVS tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè wákàtí 35 lọ́dún, ṣùgbọ́n láti 2022 wọ́n ti sọ ọ́ di dandan kí oníṣègùn tún kọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti rí i pé kíka wákàtí nìkan ò tó.

Ohun mìíràn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í gbé inú ìwé. Ẹ wo títẹ àyà ẹranko tí ọkàn rẹ̀ dúró. Ìlànà RECOVER tó wà fún jíjí irú ẹranko bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2012, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ò ṣòro há sórí: ẹ tẹ àyà náà nígbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí ajá bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí àyà wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ìbú rẹ̀, ẹ fún un ní èémí 10 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹni tó há a sórí lóṣù kìíní lè máa fara ti àyà ajá lóṣù kẹfà láìmọ̀. Tí ọwọ́ ò bá gbéra tán lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyà ò ní padà sípò, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ráyè wọ ọkàn. Ẹni tó ń fún un ní èémí ńkọ́? Ìpayà á mú kó fún un ní 30, 40, afẹ́fẹ́ á kún àyà, á sì fún àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn pa.

Nítorí náà, ẹ máa dánra wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ìṣẹ́jú 20 tó. Ẹ di aṣọ sínú àpò, ẹ gbé e sórí tábìlì bí ajá, kí ẹnì kan mú aago dání, kó sì kígbe pé ọkàn ti dúró. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó lọ kí ọwọ́ tó kan àyà, àti iye tó lọ kí síríńjì adirẹnálíìnì, oògùn tí a fi ń jí ọkàn, tó dé. Ajá oníkílò 20 ń gba 0.01 mg fún kílò kan, ìyẹn 0.2 mg, tí ìgò yín bá jẹ́ 1 mg nínú mílílítà kan, 0.2 mL nìyẹn. Ìṣirò kékeré yìí kì í wá sórí nígbà tí ariwo bá sọ, torí náà ẹ ṣe é sílẹ̀ láti kílò 5 dé 50, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìwọ̀n ńlá, 0.1 mg fún kílò kan, tí ìlànà 2012 fàyè gbà tí títẹ àyà bá pẹ́, ti 2024 ní kí a má lò ó mọ́. Ẹni tí èyí ṣì wà lára ògiri rẹ̀, kó já a sílẹ̀ lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Èmi nìkan ni oníṣègùn níbi iṣẹ́ mi. Tí ọ̀rọ̀ ẹranko kan bá rú mi lójú, mo máa ń bi àwọn akẹgbẹ́ mi, àmọ́ ìdáhùn wọn kì í kọjá “dán oògùn báyìí wò”. Báwo ni mo ṣe lè rí ìrànlọ́wọ́ gidi gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ dákun, ẹ wo bí ẹ ṣe ń béèrè ná. Tó bá jẹ́ “ajá kan ò ní ẹ̀jẹ̀ tó, kí ni kí n ṣe?” ni ẹ kọ, kí ni wọn ì bá dáhùn? Ẹ sọ ẹ̀yà rẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ ìgbóná ara, ìlù ọkàn àti èémí ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Oògùn ń fẹ́ orúkọ, iye mg fún kílò kan, ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà, àti wákàtí tó wà láàárín. “Mo fún un ní mílílítà 2” ò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò rí ìgò náà. Ohun tí wọ́n fún ẹranko náà kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ó sì ṣe pàtàkì: prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, lè dín lymphocyte (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan) inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì lè mú kí kókó lymphoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn, rọlẹ̀ títí ẹ ò fi ní lè dá àìsàn náà mọ̀ mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, ẹ tẹ́ ẹ dáadáa sórí gíláàsì ná. Ẹ̀kán tó tó orí ìṣáná ti tó. Ẹ gbé gíláàsì kejì ní ìdagẹ̀rẹ̀ bíi dígírì 30 sí 45, ẹ fà á sẹ́yìn kó kan ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ dúró kó tàn dé etí rẹ̀, kí ẹ wá tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. Ó yẹ kó rí bí àtàǹpàkò, kó nípọn lẹ́yìn, kó sì fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ níwájú. Ẹ̀jẹ̀ ajá tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀ máa ń ṣàn bí omi; ẹ gbé gíláàsì yín nàró sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á sá dé ìpẹ̀kun. Ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ti sún mọ́ra láìgun ara wọn ni kí ẹ ti wo bí wọ́n ṣe rí. Ní ibi tó fẹ́lẹ́ jù, ojú funfun àárín wọn máa ń pòórá, ẹni tó bá wò wọ́n níbẹ̀ á sì máa pe spherocyte, sẹ́ẹ̀lì pupa roboto tí kò ní ojú funfun, níbi tí kò sí. Àmọ́ etí fẹ́lẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ti wá Babesia, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa, pàápàá tó bá jẹ́ orí etí ajá ni ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ náà. Tí gíláàsì bá ń lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ má kó o sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìgò formalin, omi tí a fi ń pa ẹran ara mọ́ fún àyẹ̀wò. Bí ẹ tilẹ̀ dé ìgò náà pa, èéfín rẹ̀ á jáde, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní mu aró àyẹ̀wò dáadáa mọ́.

Àwòrán x-ray gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan láti òkè, kí àmì ọ̀tún tàbí òsì sì hàn. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹranko, ẹ sì pa orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sọ bó ṣe parí, kódà tí ẹranko náà bá kú. Ibẹ̀ ni àwọn tó dá yín lóhùn á ti mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ìrora oríkèé ló sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo lọ, wọ́n sì yìn ín gan-an. Ṣé kí n gbà wọ́n gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tìtorí ẹni tó sanwó jù ú nù, ẹ má sì tìtorí oúnjẹ ọ̀sán gbà á. Ẹ bi wọ́n ní mẹ́rin: irú ẹranko wo ni wọ́n dán an wò lára, báwo ni wọ́n ṣe lò ó, kí ni wọ́n fi wé e, kí ni wọ́n sì wọ̀n? Ìbéèrè kẹta ló máa ń tú àṣírí. Ẹni tó ni ajá tó ń tiro sábà máa ń sọ pé ó ti sàn, kódà nígbà tó jẹ́ oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n fún un, nítorí ìrètí ń yí ojú padà, ìrora oríkèé fúnra rẹ̀ sì máa ń le lónìí kó rọ̀ lọ́la. Tí kò bá sí àwọn ajá mìíràn tí wọ́n fún ní irú oògùn òfìfo bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn tó ni wọ́n mọ̀, ẹ mú sùúrù.

ÌBÉÈRÈ: Níbi iṣẹ́ abẹ kan lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbàgbé láti ṣí fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tó pọ̀jù sílẹ̀ lára ẹ̀rọ ìkunlóorun. Díẹ̀ ló kù kí ológbò náà kú. Mo fẹ́ pèpàdé lórí rẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dìjà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ẹni tó ni ológbò náà, kí ẹ tó pèpàdé. Kí ìpàdé wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó má jẹ́ ọ̀gá ẹni tọ́rọ̀ kàn ni yóò darí rẹ̀. Ẹ fi ìwé ìkunlóorun kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú pátákó, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá béèrè ohun tó mú kí ó rọrùn láti gbàgbé.

Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdánwò ẹ̀rọ ni. Tí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń jò, á pa fáàfù náà dé, á fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ̀pá tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹranko, á sì fún afẹ́fẹ́ sí i títí géèjì tó ń wọn ipá afẹ́fẹ́ yóò fi dé 30 cm omi. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó dára. Ibi tí ewu wà rèé: tó bá jẹ́ àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ ṣí, afẹ́fẹ́ á jáde, géèjì á padà sí òdo, ohun gbogbo á dà bí ẹni pé ó ti parí, fáàfù á sì wà ní pípadé. Nígbà tí ológbò bá dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa kóra jọ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè padà sí ọkàn, tàbí kí ẹ̀dọ̀fóró bẹ́.

Ẹ yí òpin ìdánwò náà padà. Kí àtàǹpàkò dúró síbi tó wà, kí ẹ ṣí fáàfù, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ géèjì bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Àtàǹpàkò ló máa kúrò kẹ́yìn. Tí agbára bá wà, ẹ ra irú fáàfù onítẹ̀ tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí ìka bá ti kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi “fáàfù ṣí” sínú ohun tí wọ́n ń kà sókè kí wọ́n tó so ẹranko mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹni tó dáhùn fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹnì kan dúró nínú yàrá iṣẹ́ abẹ fún ọjọ́ kan, kó wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀.