Ta Ló Yin Bánga Lẹ́yìn Fèrèsé Bàbá?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Kàbà, o bi mí bóyá kí ẹ máa ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá yín lóru, bí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ṣe dá a lábàá, àbí kí ẹ gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. O ní ẹni ọdún 78 ni wọ́n, pé wọ́n jagun Biafra, pé láti oṣù Kejìlá wọn ò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri ni wọ́n ń sùn, tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin lo kọ. Ojú ìwé kẹta lo tó sọ ọ́ fìrí: "Àwọn ọmọ mi ń yin bánga lẹ́yìn fèrèsé wọn lálẹ́ Kérésì, wọ́n fi igbe ta, àwọn ọmọ sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

O sọ ìyẹn tán, o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó oògùn.

Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé Umuahia ni wọ́n wà nígbà tí ogun ń parí lọ. Ṣé o bi wọ́n rí nípa Kérésì ọdún 1969? Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ ogun ìjọba tó gba gúúsù wá pàdé àwọn tó gba àríwá wá ní Umuahia, tí wọ́n gé Biafra sí méjì. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, pápá ọkọ̀ òfuurufú Uli ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 15 ni Biafra túúbá ní Èkó. Lójú ará ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ọmọ ogun tó wà nínú kòtò lójú ogun ti ń gbọ́ pé ogun fẹ́ẹ́ tán, ìbọn ò sì dákẹ́. Ta ló fẹ́ kú kù díẹ̀ kó délé?

Àbúrò bàbá mi, ará Mọ̀pà, jà lápá ibẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá bọ́ bàtà sùn, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi sá. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ogun, lásìkò ọyẹ́, odó ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìdáná wa. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti da ojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, iṣu sísun ṣì wà lọ́wọ́ wọn, eérú kún irùngbọ̀n wọn. Àwa ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eérú náà nù, wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti kú báyìí, n kò bẹ̀ wọ́n rí.

Ẹ fẹ́ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kí ìbẹ̀rù bá wọn lóru, kí wọ́n fa ilẹ̀kùn kó má ṣí? Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò! Ẹ tẹ́ ẹní tó nípọn síbi tí wọ́n ń sùn, ẹ jẹ́ kí bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ sì ròyìn bánga náà fún dókítà, kì í ṣe àìsùn nìkan.

Kí àwọn ọmọ rẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn lónìí. Tí àwọn ọmọ náà bá ti lọ tán, ìwọ jókòó sórí ẹní yẹn, pa fóònù rẹ, kí o bi wọ́n pé ta ni wọ́n jọ wà nínú kòtò.