Owó Oúnjẹ àti Ìwòsàn Tí Ìjọba Amẹ́ríkà Ń Gé: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Opó ni mí, ọmọ ọdún 57, ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ń gbé, mo sì ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 16, nìkan ló kù lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ilé ìwòsàn, wákàtí iṣẹ́ mi á wálẹ̀ sí 60 lóṣù. SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tí owó wọn kéré, la fi ń ra oúnjẹ; Medicaid, ètò ìwòsàn ìjọba fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ni mo sì fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbọ́ pé òfin tuntun yóò gba méjèèjì lọ́wọ́ mi. Àwọn kan nínú ìjọ wa sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọ̀lẹ ló ń jẹ ẹ́. Kí ni irú wa lè ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ló dùn wá jù nínú lẹ́tà yín, nítorí náà òun la ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tó ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀lẹ lójú ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rántí pé Medicaid kan náà ló ń sanwó ìtọ́jú èyí tó ju mẹ́fà lọ nínú ènìyàn mẹ́wàá tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó, àti ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ń lọ tọ́jú nílé wọn. Bí wọ́n bá gé e, ìwòsàn yín ni wọ́n gé, iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun náà sì ni, pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà.

Òfin tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni èyí tí Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025. Àjọ tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣírò ìnáwó sọ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń ná lórí SNAP yóò dín kù ní nǹkan bí 187 bílíọ̀nù dọ́là, ti Medicaid yóò dín kù ní iye tó lé ní 900 bílíọ̀nù, àti pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2034, mílíọ̀nù 10 ènìyàn ni òfin náà yóò fi kún àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera. Bẹ́ẹ̀ SNAP yìí, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 42 ènìyàn fi ń jẹun lọ́dún 2025, kò ju nǹkan bí dọ́là 6 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ẹ̀yin gan-an, ilẹ̀kùn méjì tó ń dáàbò bò yín ni òfin náà tì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti kọjá ọdún 54, tàbí tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí lábẹ́ gbèdéke wákàtí iṣẹ́ SNAP. Nísinsìnyí gbèdéke náà dé ọdún 64, ọmọ tí yóò sì yọ òbí sílẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 14. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù 3 péré ni yóò rí gbà láàárín ọdún 3. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, torí ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá tó dọ́là 217.50 lọ́sẹ̀, kí wọ́n tó yọ owó orí, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí wákàtí rẹ̀ kò tilẹ̀ pé. Ti Medicaid yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2027, ó pẹ́ tán. Wákàtí 80 ni òun náà ń béèrè, tàbí kí owó iṣẹ́ tó dọ́là 580 lóṣù. Ní Maryland, níbi tí owó iṣẹ́ tó kéré jù jẹ́ dọ́là 15 fún wákàtí kan, wákàtí 60 yín ti mú dọ́là 900 wá. Ní ti Medicaid, iṣẹ́ yín tó, ohun tó kù ni kí ìwé yín fi hàn pé ó tó. Ní ti SNAP, dọ́là 900 lóṣù jẹ́ nǹkan bí dọ́là 208 lọ́sẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó tó 217.50, àfi bí owó wákàtí yín bá ju dọ́là 15 lọ díẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ Arkansas dán irú ìlànà yìí wò lórí Medicaid, ènìyàn tó lé ní 18,000 sì pàdánù rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ kí adájọ́ tó dá a dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ìlànà náà kàn ló ń ṣiṣẹ́ tàbí tó yẹ kí wọ́n yọ sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí wọ́n ti máa jábọ̀, ojú òpó náà sì máa ń tì lálẹ́, nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń délé. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ẹ̀rí owó iṣẹ́ yín, kí ẹ sì tú gbogbo lẹ́tà tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ dá SNAP yín dúró, ọjọ́ 90 lẹ ní láti béèrè ìgbẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì béèrè kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti máa gbà á lọ títí wọn yóò fi dájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ní kí ẹ dá a padà bí ẹjọ́ kò bá gbè yín.

Ẹ tún lè gbé ohùn yín sókè, pàápàá ní Annapolis, olú ìlú Maryland níbi tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yín ti ń jókòó. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2026, ìpínlẹ̀ ni yóò máa san ìdá 75 nínú 100 owó àbójútó SNAP, dípò 50 tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan sí i, ìpínlẹ̀ tí àṣìṣe rẹ̀ nínú ṣíṣírò iye SNAP tó yẹ kí àwọn ènìyàn gbà bá tó ìdá 6 nínú 100 yóò máa san lára owó oúnjẹ gan-an. Ẹ bá aṣòfin àdúgbò yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ilé bá jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó: kí ìpínlẹ̀ máa lo àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba láti fi mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má máa dúró de ìwé lọ́wọ́ opó. Ariwo àwọn ará ìlú ti ṣiṣẹ́ rí: ní oṣù Keje ọdún 2017, lẹ́yìn tí àwọn abirùn lórí kẹ̀kẹ́ wọn ti jókòó sí ọ́fíìsì àwọn aṣòfin, ìbò 51 sí 49 ni àbá tó fẹ́ wó òfin ìlera ọdún 2010 (tí wọ́n ń pè ní Obamacare) fi ṣubú ní Sẹ́nétì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Awakọ̀ ni mí ní Houston. Owó adójútòfò ìlera tí mo fúnra mi ń rà ti fò sókè lọ́dún 2026. Ṣé kí n jáwọ́ nínú rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò, ẹ má tíì jáwọ́. Ìrànlọ́wọ́ àfikún tí ìjọba fi ń san lára owó adójútòfò náà láti ọdún 2021 ló parí ní òpin ọdún 2025. Ìjà lórí rẹ̀ wà lára ohun tó ti ilẹ̀kùn ìjọba àpapọ̀ pa fún ọjọ́ 43. Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tó wà nínú òfin ọdún 2010 ṣì wà, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ètò mìíràn tí owó rẹ̀ kéré wà. Bí owó tó ń wọlé fún yín bá yí padà, ẹ tètè sọ fún ibi tí ẹ ti ra adójútòfò náà, torí láti ọdún 2026, ẹni tó bá gba ìrànlọ́wọ́ ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ yóò dá gbogbo àlékún náà padà nígbà ìṣirò owó orí. Kí ẹ sì pe ọ́fíìsì aṣòfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ń ṣojú yín, kí ẹ sọ iye tí ẹ ń san lọ́dún 2025 àti iye tó dà báyìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.